Ohun Tó Mú Mi Sáré Wọ Inú Pápá Lọ́jọ́ Yẹn

Ẹ má yìn mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́.

Ní Festac níbi tí mò ń gbé, láti pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn èèyàn ṣì ń pè mí ní ìyá tó sáré. "Ìyá tó sáré nìyẹn o! Abiyamọ tòótọ́!" Wọ́n á tún máa ròyìn rẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀: bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe ṣubú, bí bàtà ṣe bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, bí mo ṣe fẹsẹ̀ lásán wọ inú pápá lọ dì í mú.

Òótọ́ ni. Mo sáré. Bàtà mi bọ́ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé tí mo fi sáré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, torí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí mo lè tún ṣe.

Bẹ́líìtì mọ́tò ni mo ń tà ní Trade Fair. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù agbọ̀n, ẹnu ni mo fi béèrè rẹ̀. Torí Gbémi ọmọ mi ni mo ṣe ń lọ síbẹ̀. Oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ ń lọ pè é wá jẹ. Nígbà tó yá, mo ń gbé omi dání. Nígbà tó tún yá, mo ń gbé yìnyín àti róòbù dání fún ẹni tó bá fara pa. Kò pẹ́ tí Kóòṣì Clement fi ní ẹ̀gbẹ́ òun ni kí n máa jókòó sí lórí bẹ́ńṣì. Bí mo ṣe di Ìyá Tíìmù nìyẹn.

Mo máa ń da rẹfirí láàmú débi pé tó bá rí mi, á gba ibòmíì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ fọn fèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan?"

"Mummy, ẹ jẹ́ n mu omi ná."

"Ẹ mu ún. Mò ń dúró."

Nínú gbogbo ohun tí rẹfirí kọ́ mi, fírí-tiróò ló wọ̀ mí lára jù. Tí wọ́n bá gbá ẹ lápá níbi tó o ti fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, rẹfirí á fọn fèrè, gbogbo nǹkan á dúró. Wọ́n á mú ẹ lọ sídìí ìlà kan tó kọjú sí agbọ̀n. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ. Àwọn tó lù ẹ́ gan-an á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ lẹ́yìn, wọ́n á máa wò ẹ́. Ìwọ, bọ́ọ̀lù, agbọ̀n. Ó tán.

Mo máa ń sọ ọ́ ní ìsọ̀ mi pé ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí i ní gbogbo Èkó: kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ tán, kí wọ́n wá yà sẹ́yìn kó o gba ẹ̀tọ́ ẹ.

Gbémi mọ̀ ọ́n jù. Ẹni tó bá rí i nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ á rò pé bọ́ọ̀lù yẹn ní yàrá nínú agbọ̀n ni. Àmọ́ ó ń bẹ̀rù kí èèyàn kọ lù ú. Kì í wọ àárín èrò, kò sì sẹ́ni tó máa gbá ẹni tí kò wọ àárín èrò. Báyìí ni ọmọ mi ṣe mọ fírí-tiróò jù, tí kì í dé ìdí rẹ̀. Orí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló sábà máa ń wà.

Toyibat ló máa ń débẹ̀. Ọmọ Mazamaza ni. Làtífátù ìyá rẹ̀ ń ta ọsàn bíbó fún àwọn awakọ̀ níbẹ̀. Toyibat á ki orí bọ àárín àwọn ọmọ tó ga jù ú lọ bí ẹni tí wọ́n jí fóònù ẹ̀. Wọ́n á lù ú, á ṣubú, á dìde, á lọ ju tirẹ̀. Nígbà míì ó wọlé, nígbà míì kò wọlé. Ilé mi ló ti máa ń jẹun. "Màámi" lòun náà ń pè mí.

Òfin kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó yé yín. Tí wọ́n bá gbá ọmọ kan lulẹ̀, tí ẹnikẹ́ni láti orí bẹ́ńṣì wá wọ inú pápá lọ tọ́jú ẹ̀, dandan ni kí ọmọ yẹn jáde. Ẹni tó bá sì rọ́pò ẹ̀ ló máa ju fírí-tiróò ẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti sáré wọlé torí Toyibat rí, nígbà tí mi ò tíì mọ òfin. Wọ́n yọ ọ́, ẹlòmíì jù ú, kò wọlé, Toyibat sì sunkún títí dé Mile 2.

Látìgbà yẹn la ti bá ara wa ṣàdéhùn. Mo pe gbogbo wọn jọ. Mo ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kí n wọlé, kó nawọ́ sókè. Tó ò bá nawọ́, mi ò ní wọlé, kódà kó o máa yí nílẹ̀."

Toyibat ní, "Màámi, tí mo bá dákú ńkọ́?"

"Kó o ti nawọ́ kó o tó dákú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kò sẹ́ni tó gbàgbé àdéhùn náà. Èmi náà kò gbàgbé.

Àǹtí Bernice wá dé. Iléèwé kan ní apá Ìjẹ̀bú ló rán an wá. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mú. Ọmọ náà á máa gbé lọ́dọ̀ wọn, á kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí á fi jáde, á máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Obìnrin tó ń wọ awò ojú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó sí òdìkejì pápá.

Clement bi í níṣojú mi pé, "Àǹtí, irú ọmọ wo gan-an lẹ fẹ́?"

Ó ní, "Gbogbo wọn ló lè sáré. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kì í gbọ̀n nídìí fírí-tiróò nígbà tí ariwo bá pọ̀, òun ni mò ń wá."

Ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí mi nínú bí iná. Ọmọ mi ló ń wá! Ọmọ tó ń wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi táwẹ́lì bo orúnkún, òógùn ò tíì kan aṣọ ẹ̀. Tí kò bá débi ìlà yẹn lọ́jọ́ náà, ta ló máa mọ̀?

Àwọn ọmọ Súrùlérè la bá gbá a. Ó ń parí lọ, póìntì kan ni wọ́n fi jù wá lọ. Toyibat gba bọ́ọ̀lù, ó ki orí bọ àárín wọn bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ gíga kan gbá a láti ẹ̀gbẹ́. Ó balẹ̀ gbì.

Fèrè dún. Méjì ni rẹfirí fún un.

Toyibat di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Mo wo ọwọ́ ẹ̀ kejì. Ilẹ̀ ló wà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo wò ó. Kò nawọ́. Ṣe ló tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dìde.

Mo wo Gbémi. Mo wo awò ojú Àǹtí Bernice lọ́ọ̀ọ́kán.

Mo sáré.

"Màámi, kò ṣe nǹkan!" Toyibat ti rí mi. "Ẹ má wọlé! Ẹ má wọlé!"

Mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ yìí ti wú."

"Kò wú! Màámi, kò wú!"

"Ara ẹ ló ṣì gbóná. Dákẹ́."

Rẹfirí mi orí. "Mummy ti fọwọ́ kàn án. Ó máa jáde."

Clement gbá orí ara rẹ̀ mú. "Ìyá Tíìmù! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin!"

"Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni o, Clement! Ṣé ìwọ lo máa ra òmíràn fún un? Fi Gbémi sí i. Òun ló mọ̀ ọ́n jù."

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn obìnrin tó ń wòran lórí àtẹ̀gùn dìde. Ẹnì kan gbé bàtà mi wá.

Gbémi dúró sídìí ìlà. Ó ju àkọ́kọ́, ó wọlé. Ó ju ìkejì, ó wọlé láìtiẹ̀ kan irin. A borí.

Àǹtí Bernice bọ́ awò ojú. "Ta ló ni ọmọ yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni mo bí i."

Toyibat wà lórí bẹ́ńṣì, yìnyín tí mo dì mọ́ ọn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣe ló ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

Nílé, lórí oúnjẹ, Gbémi ò fọwọ́ kan ẹran. Ó ní, "Màámi, Toyibat ò nawọ́."

Mo ní, "Jẹun."

"Mò ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin náà ń wò ó."

"Gbémi, ṣé o fẹ́ lọ síléèwé yẹn àbí o ò fẹ́ lọ?"

Ó fọ àwo rẹ̀, ó fọ tèmi mọ́ ọn, ó lọ sùn.

Èyí tó dùn mí jù ni Làtífátù. Obìnrin yẹn kúrò ní Mazamaza, ó wá mi dé Trade Fair, láàárín àwọn ọkùnrin tó ń pariwo bíréèkì àti ṣọ́kì. Ó ru ọsàn wá. Ọsàn dáadáa, èyí tí kò bó. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi.

"Ìyá mi, Toyibat ní kò dun òun. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ọmọdé ò mọ nǹkan kan. Ká ní kì í ṣe yín ni, á fi ẹsẹ̀ tó ti yẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, á sì ya arọ."

Mo ní kó dìde. Mo gba ọsàn náà. Mo mu ún pàápàá.

Gbémi lọ sí Ìjẹ̀bú. Ṣé ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Àǹtí Bernice pè mí lórí fóònù.

"Ìyá Gbémi, kí ló ń ṣe ọmọ yín?"

"Kí ló ṣe é?"

"Kò lè ju fírí-tiróò. Níbòmíì, ó ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n dáadáa. Tó bá ti dé ìdí ìlà yẹn, ọwọ́ ẹ̀ á gan. Bọ́ọ̀lù á máa já sílẹ̀ bí òkò."

Mo ní ibẹ̀ ò tíì mọ́ ọn lára ni. Irọ́ ni mo pa fún ara mi.

Àwọn tíìmù tó kù ti gbọ́. Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe máa ń rí: tí wọ́n bá mọ̀ pé o ò lè jù ú, wọ́n á kúkú máa mọ̀ọ́mọ̀ lù ẹ́. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kó wọ agbọ̀n, wọ́n á sọ ọ́ di fírí-tiróò tí kò ní wọlé. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kàn án ni wọ́n ń gbá ọmọ mi. Mo lọ wò ó nígbà kan, apá ẹ̀ ti dá àmì. Mo fò dìde.

"Ṣé wọn ò kọ́ ẹ̀yin ọmọ yìí nílé ni? Kí ló ṣe yín?"

Bàbá kan yíjú sí mi. "Madam, ẹ jókòó. Bọ́ọ̀lù ni. Kó máa jù ú wọlé, wọn ò ní lù ú mọ́."

Ibi tí mo sọ pé ó dáa jù ní gbogbo ayé, ibẹ̀ ló wá di pàṣán fún ọmọ mi.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ wa. Wọ́n fẹ́ fi òróró pa á ní àtẹ́lẹwọ́. Gbémi fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Màámi, àtẹ́lẹwọ́ tiyín ni kí wọ́n fi òróró pa."

Ní ìgbẹ̀yìn, Àǹtí Bernice tún pè. Ó ní Gbémi ti ń dọ́gbọ́n. Tí wọ́n bá ti gbá a, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí wọ́n lè yọ òun, kí ẹlòmíì jù ú. Wọ́n á yẹ ẹsẹ̀ náà wò, kò ní sí nǹkan kan. Ó ní, "Mi ò mọ ibi tó ti kọ́ irú ẹ̀." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jókòó sínú ilé ìwẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni iléèwé wọn wá bá àwọn ọmọ Festac gbá a, lórí pápá wa kan náà. Nọ́ọ̀sì wọn ò wá. Àǹtí Bernice bá ní, "Ìyá Gbémi, ẹ bá wa jókòó sí bẹ́ńṣì. Ẹ̀yin tí gbogbo Festac mọ̀." Mo jókòó. Àpò yìnyín wà lórí itan mi.

Làtífátù wà lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn mi. "Ìyá mi, ọ̀tá ni wá lónìí o! Tó bá parí, ká wá jọ mu kóòkì."

Clement ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan Gbémi, wọ́n á dì í mú, wọ́n á gbá a lápá. Á lọ sídìí ìlà, kò ní wọlé. Àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n jọ dàgbà ń kọrin, "Ẹ tún lù ú! Ẹ tún lù ú!"

"Clement!" Mo dìde. "Ọmọ tíwọ fúnra ẹ kọ́!"

"Ìyá Tíìmù, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù ni."

Toyibat nìkan ni kò lù ú. Ó ń tẹ̀ lé e kiri, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì lókè, kò fi kàn án.

Ìgbà tó ń parí lọ ni ọmọ kan gbá Gbémi láti ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ sínú, ó ṣubú. Fèrè dún. Méjì.

Gbémi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wá ojú mi. Ó rí i.

Ó nawọ́ sókè.

Àǹtí Bernice pòṣé. "Ó ti tún dé. Ẹ lọ wò ó."

Mi ò kúrò nídìí bẹ́ńṣì. Mo rò ó nínú mi pé irọ́ tèmi ló ń pa yẹn. Tí mo bá wọlé lónìí, á máa pa á títí ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé ohun tó dáa ni mò ń ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fẹ́ ṣe ohun tó dáa nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Ìyá mi, ẹ sáré!" Làtífátù ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. "Ọmọ ń nawọ́! Ẹ sáré bẹ́ ẹ ṣe sáré fún Toyibat!"

"Kò sí nǹkan tó ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án!"

Ẹnu mi yìí, Ọlọ́run ló mọ ohun tí màá fi ẹ̀ ṣe. "Làtífátù, fi mí sílẹ̀! Kò sí nǹkan tó ṣe ti Toyibat náà, mo ṣì sáré!"

Àǹtí Bernice yíjú sí mi. Clement, tó wà nítòsí, yíjú.

Làtífátù ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo, kó gbá mi létí. Ó kàn ń wò mí. "Ẹ mọ̀ pé kò ṣe nǹkan?"

Mo di àpò yìnyín mú.

"Mo ru ọsàn wá fún yín," ló sọ. Ó padà lọ sórí àtẹ̀gùn.

Ọwọ́ Gbémi ṣì wà lókè. Ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀. Toyibat ló fà á dìde. Ẹsẹ̀ kan ló fi ń fò lọ sídìí ìlà. Mo sọ ọ́ nínú mi pé, wò ó bó ṣe mọ eré yìí ṣe. Ó ju àkọ́kọ́, kò dé ibi agbọ̀n. Ó ju ìkejì, pátákó ló gbá. Kò sẹ́ni tó kọrin mọ́.

Nígbà tó parí, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì wọn. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó ti bọ́ bàtà. Toyibat kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀.

Ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ mi ti wú débi tó ń dán.

"Gbémi," mo ní. "Jẹ́ kí n wò ó."

Ó fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn. Kò sunkún. Kò tiẹ̀ bínú.

"Toyibat ò nawọ́, ẹ sáré wọlé," ó ní. "Èmi nawọ́, Màámi."

Mo dúró. Kí ni kí n sọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Toyibat na ọwọ́ sí mi láìwo ojú mi. Àpò yìnyín ló ń béèrè. Mo gbé e fún un.

Ó ti yọ́ tán. Omi ló kù.